Ẹsẹ Kan Nínú Ogún

"Tún un ṣe," ni Ọ̀gá Ètò wí. "Bóyá o ṣi bọ́tìnì kan tẹ̀."

Obìnrin náà tún un ṣe. Ìgbà kẹta nìyí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣí fáìlì, ó mú nọ́ńbà ọ̀pá ẹ̀rọ kejì, ó ní kí kọ̀ǹpútà ya ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ogún iṣẹ́jú àáyá. Àwọn méjèèjì dúró tì í. Ìlà náà jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń mì sí i, nígbà tó fi máa dé ìparí, ó ti fẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà tán.

Ọ̀gá Ètò bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó tún un fi sójú. Kò sí ohun tó yí padà.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni gbogbo òpó, wáyà àti ẹ̀rọ iná tó wà nílùú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ so ohun ńlá mọ́ iná, wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò nínú kọ̀ǹpútà, kó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni nǹkan ti máa bàjẹ́, kó má jẹ́ níta níbi tí èèyàn wà. Ètò náà á wá bi nọ́ńbà jáde ní ẹsẹẹsẹ, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan á gùn bí ẹjọ́ onírọ́. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó tún àwọn nọ́ńbà náà tò, kó yọ èyí tí kò wúlò, kó fi ìyókù ya ìlà tí àwọn ọ̀gá lè wò láìsí pé orí ń fọ́ wọn. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nídìí ẹ̀. Onílà ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ dán bí àwo, kò sí ìlà kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, ní aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ kejì ní ibùdó iná ṣẹ́ sí méjì. Ó pa mẹkáníìkì kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ń yẹ epo rẹ̀ wò lọ́wọ́. Àpótí tó ń gba àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà jóná pẹ̀lú. Nígbà tí kò sí àkọsílẹ̀, wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù, wọn ò sì wá a jìnnà: ọkùnrin tó wà ní yàrá ìdarí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ní ó sùn ni. Wọ́n ní bí kò bá sùn, ì bá ti pa ẹ̀rọ náà kó tó ṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí máa jókòó lọ́la, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi náà sì ni ọkọ ẹ̀gbọ́n Onílà.

Ìgbìmọ̀ ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn. Oṣù méje sẹ́yìn ni wọ́n so ilé iṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin mọ́ wáyà tó ti ibùdó iná yẹn wá, Onílà ló sì ya àwòrán tí wọ́n fi fọwọ́ sí i pé nǹkan kan kò ní í mì. Ìgbìmọ̀ ní àwòrán tó wà lọ́wọ́ àwọn kéré jù, kí wọ́n tún un yà ní títóbi. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tuntun ti dé láti oṣù tó kọjá.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í gba fáìlì ńlá. Bí èèyàn bá ní kó ṣí ọ̀kan, ó lè lọ jẹun kó padà dé kó tó ṣí i tán. Nítorí náà, Ọ̀gá Ètò ti kọ́ gbogbo wọn ní ọgbọ́n kan: ẹ mú ẹsẹ nọ́ńbà kan nínú ogún, kí ẹ pa mọ́kàndínlógún yòókù rẹ́. Ètò náà ń kọ igba ẹsẹ ní iṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́ báyẹn, mẹ́wàá péré ló ń kù, fáìlì á fúyẹ́, ìlà á sì jáde kíá. Ó ti di àṣà ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó ń rò ó mọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun ló gba odindi fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ yìí, Onílà kò sì rántí pa nǹkan kan rẹ́.

Ọ̀pá ẹ̀rọ kejì ń mì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní iṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ mẹ́wàá ni wọ́n ń fi sílẹ̀ ní iṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ti wo ọmọ tó ń fo okùn rí á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bó o bá ń yọjú lójú fèrèsé, tó jẹ́ pé kìkì ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà bá kanlẹ̀ lò ń yọjú, o lè búra pé ọmọ náà ti dúró jẹ́ẹ́ láti àárọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà nínú àwòrán oṣù méje sẹ́yìn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló tẹ́jú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí inú ń run.

"Ọwọ́ mi ò ṣì, Ọ̀gá," ni Onílà wí. "Bó ṣe wà nínú fáìlì láti oṣù méje nìyẹn. Àwa la ò wò ó."

"Ta ló tún rí i?"

"Èmi àti ẹ̀yin."

Ọ̀gá Ètò lọ ti ilẹ̀kùn. Ó padà wá jókòó sí etí tábìlì rẹ̀, ohun tí kì í ṣe.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ìgbìmọ̀ ò ní ká wá ṣe iṣẹ́ tuntun. Àwòrán àtijọ́ ni wọ́n ní ká mú tóbi. Mú un tóbi fún wọn. Ẹsẹ kan nínú ogún, bí a ṣe máa ń ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe irọ́."

"Ọ̀gá, ọkùnrin tí wọ́n dá lẹ́bi yìí..."

"Mo mọ̀ pé àna rẹ ni. Ìdí tí mo fi ń bá ẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọ mi gan-an nìyẹn. Bó o bá gbé èyí lọ síbẹ̀, wọ́n á ní torí kó o lè gba ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ lo ṣe yà á bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbà ọ́ gbọ́ ńkọ́? Ìyẹn ló tún burú jù. Wọ́n á béèrè ẹni tó ya ti àkọ́kọ́. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ọmọ mi."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì, òun ló sì kọ́ gbogbo ọ́fíìsì ní ọgbọ́n ẹsẹ kan nínú ogún. Ẹ̀rù ń bà á, ó wá fi aṣọ ìmọ̀ràn bo ẹ̀rù náà.

"Kí n rí i lórí tábìlì mi kó tó di aago mẹ́rin," ló wí, ó sì jáde.

Ohun kan wà tí Ọ̀gá Ètò kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí Onílà ya àwòrán àkọ́kọ́, ọjọ́ Ẹtì ni, ìlà ẹ̀rọ kejì tẹ́jú dé iṣẹ́jú àáyá kẹẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn ìyẹn ló wá yọrí díẹ̀ bí irun tó ta lórí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gerun. Ó rí i. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó rò pé àléébù fáìlì ni, pé nígbà tóun ń pa ẹsẹ rẹ́ ni nǹkan kan yẹ̀, ó sì rò pé bóun bá ní kóun tún gbogbo ẹ̀ ṣe, ọjọ́ Ajé lòun máa parí ẹ̀. Ó ní kí àwòrán náà parí sí iṣẹ́jú àáyá kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kò sí ohun tó mì, ó palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́, ó lọ sílé. Pípa ẹsẹ rẹ́, ọ́fíìsì ló kọ́ ọ. Gígé ìdí ìlà yẹn, kò sẹ́ni tó rán an.

Ìyẹn nìkan ì bá sì sàn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á sí kọ̀rọ̀ yàrá tí ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì, jókòó sí. "Ìwọ lo kàwé ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bàbá Ìbejì ní ẹ̀rọ yẹn ló ṣàdédé ń mì, pé dígí ojú òun ń rìn lórí tábìlì fúnra ẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀?" Onílà kò tiẹ̀ ronú. Ó ní kò lè mì, pé òun lòun ya ìlà ẹ̀. Ó tún yíjú sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ẹ̀rín sí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, dígí kì í rìn. Ó lè jẹ́ ojú oorun lẹ fi rí i." Ẹyin lohùn. Lórí ìjókòó rẹ̀ ní ọ́fíìsì báyìí, pẹ̀lú ìlà tó ń mì níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn padà wá bá a, ojú tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná.

Ó tẹ àwòrán méjèèjì sórí ìwé, èyí tó tẹ́jú àti èyí tó ń mì. Ó kó odindi fáìlì náà sínú kọ̀ǹpútà àgbélétan rẹ̀. Ó sọ fún akọ̀wé pé òun ń lọ rí ẹ̀gbọ́n òun, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, iwájú ilé ló ti ń ránṣọ. Ó ń fa abẹ́rẹ́ yọ lára yẹ̀rì kan nígbà tí Onílà wọlé, kò gbé ojú sókè dáadáa.

"O dé lọ́sàn-án gangan. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Bàbá Ìbejì ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ló ń gbé báyìí. Bó o bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, sọ ọ́ sókè, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń pè é kó tó dáhùn."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n omi, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ bàtà ilé ìwé àwọn ìbejì. Bàtà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti fọ̀ mọ́ ju ti ìgbà tí wọ́n rà wọ́n lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ ló ṣì wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọjọ́ kejì ìjàǹbá ni wọ́n ti ní kó máa jókòó sílé.

"Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n."

"Àbúrò." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ní àìsàn. "Bó bá jẹ́ torí ti ọ̀la lo ṣe wá, má yọ ara ẹ lẹ́nu. Mo ti lọ bọwọ́ lùwé lánàá."

"Ìwé wo?"

"Pé mo sùn."

Onílà jókòó sórí àtẹ̀gùn láìmọ̀ pé òun jókòó.

"Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ò sùn."

"Mo wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wí bẹ́ẹ̀." Ó ń fọ bàtà náà lọ. "Ọ̀gá ibùdó ní mo sùn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé mo sùn. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, àmọ́ mo mọ ohun tó ń rò, ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ wà. Ìwọ tó o kàwé ẹ̀, o ní ojú oorun ni mo fi rí i. Mo wá jókòó, mo rò ó. Mo ní ẹni tó sùn kì í kúkú mọ̀ pé òun sùn, àwọn tó jí ló ń mọ̀. Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn tí mo wá ń rí ara mi tí mo gbórí lé tábìlì. Mo ń rí i kedere, Àbúrò. Mo mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí tábìlì yẹn. N ò kàn mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀ ni."

Onílà ti ro oríṣiríṣi nǹkan nínú bọ́ọ̀sì. Ó ti rò pé á bínú sí òun, pé á pariwo, pé ó lè lé òun jáde. Kò rò ó pé àwọn ti gba orí ọkùnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀, pé àwọn ti fi ọ̀rọ̀ tàwọn sí i. Ó ṣí báàgì, ó yọ ìwé kan.

"Ẹ wo èyí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò kó tó gba ìwé náà. Ó wò ó títí. Òṣìṣẹ́ ibùdó iná ni, kò sí ìlà tó ṣàjèjì sí i.

"Ẹ̀rọ wo nìyí?"

"Ẹ̀rọ kejì. Ọ̀pá ẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nígbà tí ilé iṣẹ́ irin yẹn bá tan gbogbo iná ìyọ́rin wọn lẹ́ẹ̀kan náà."

Ọkùnrin náà gbé ìka lé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. "Ibí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ń kùn lábẹ́ ilẹ̀. Mo ní bóyá ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kọjá." Ìka rẹ̀ sún. "Ibí ni dígí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo di í mú kó má bàa já bọ́." Ìka tún sún. "Ibí ni mo dìde. Ibí ni mo tẹ bọ́tìnì. Ibí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ lohun tí irin lè gbà parí sí. Ibẹ̀ ló máa ṣẹ́."

"Iṣẹ́jú àáyá mélòó ló wà láàárín ibi tí mo ti tẹ bọ́tìnì síbí?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ̀rọ yẹn, bó o bá pa á, ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko ló fi ń yí kó tó dúró." Ó gbé ìka kúrò lórí ìlà náà. "Bó bá jẹ́ pé mo tiẹ̀ jí..."

"Ẹ jí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò sùn rárá. Bó bá jẹ́ ẹni mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó máa ṣẹ́."

Ó fi ìwé náà bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò pariwo. Èjìká rẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́. Onílà wo ilẹ̀, nítorí kò ní ẹ̀tọ́ láti wò ó, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti tù ú nínú.

Nígbà tó pẹ́, ó gbójú sókè. "Èyí tí o kọ́kọ́ yà, báwo ló ṣe wá tẹ́jú?"

Ó ṣàlàyé ẹsẹ kan nínú ogún fún un. Ó fi ìka ṣe é lórí àtẹ̀gùn, mẹ́wàá àti mẹ́wàá, bí wọ́n ṣe bá ara wọn mu. Ọkùnrin náà mi orí, ó yé e. Onílà lè dúró níbẹ̀. Àṣà ọ́fíìsì ni, ẹ̀bi gbogbo èèyàn, èyí tó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ dúró níbẹ̀ lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ pa dé.

"Kò tán síbẹ̀," ló wí. "Ìparí ìlà náà yọrí sókè díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí i. Mo rò pé àléébù fáìlì ni, mo gé e kúrò. Ọjọ́ Ẹtì ni, mo fẹ́ máa lọ sílé."

Ẹnu ilẹ̀kùn ni ohùn ti wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, a ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí n má gbà á gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Má bẹ̀ mí." Kò gbé ohùn sókè. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé oúnjẹ ka iwájú ọkọ mi bí ẹni ń gbé e fún àlejò. Mo ń bi ara mi pé irú èèyàn wo ló lè sùn kí ọmọ ọlọ́mọ kú, tá á tún ní dígí ló ń rìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo gbà, torí pé àbúrò mi ò lè parọ́ fún mi." Ó wo ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ sún mọ́ ọn, kò mọ bó ṣe máa ṣe é. "Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa fi ẹ́ ṣe. Parí ohun tó o bá wá."

Ó padà sí iwájú ilé. Wọ́n retí kí ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dún.

Onílà gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún. Ó kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ìgbìmọ̀, kò gùn: pé òun ni òun ya àwòrán àkọ́kọ́, pé àwòrán náà kò tọ̀nà, ó sì sọ ọ̀nà méjèèjì tó fi bàjẹ́, pé odindi fáìlì rèé, kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kó fúnra rẹ̀ yà á. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ń kà á lórí èjìká rẹ̀.

"Wọ́n máa lé ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ó lè ju lílé lọ, Àbúrò. Èèyàn ló kú."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀rù ń bà á gan-an, kò sì fi pamọ́. Ó tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́.

Fáìlì náà wúwo, kò tètè lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo nọ́ńbà tó ń ka iye tó ti lọ: mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́rin, ó dúró, márùn-ún. Ó ti tó àádọ́rin nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan lórí tábìlì mi," ni Ọ̀gá Ètò wí.

"Mo ń fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, Ọ̀gá."

"Èwo?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ọ̀gá Ètò pa fóònù. Ó ṣe é ní pẹ̀lẹ́, kódà a lè ní ó fi ọ̀wọ̀ sí i. Àánú rẹ̀ ṣe Onílà.

Nígbà tí fáìlì lọ tán, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ bàtà. "Ìyá rẹ̀ wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá," ló wí.

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá mẹkáníìkì. Ó dúró lẹ́nu géètì. Kò bú mi. Ó lóun kàn fẹ́ rí ojú ẹni tó sùn. Mo jáde sí i, ó wò mí, ó lọ." Ó ń so okùn bàtà rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń so ó. "Bí wọ́n bá sọ ọ́ lọ́la, ẹnu lọ́yà ló máa ti gbọ́ ọ, láàárín èrò. Ìyẹn ò dáa."

Ìgbìmọ̀ kò ba Onílà lẹ́rù tó èyí. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ní kó wá, ì bá wá àwáwí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí.

Wọ́n kọjá níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró, ó fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Obìnrin náà di ọwọ́ yẹn mú fún ìgbà pípẹ́, kò sì wo àbúrò rẹ̀.

Ibi tí ìyá mẹkáníìkì ń gbé kò jìnnà, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Yàrá kan ni, nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta, aṣọ ń gbẹ lórí irin fèrèsé gbogbo. Àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde dúró kí wọ́n lè kọjá. Bàtà iṣẹ́ ńlá kan, tí epo ti dúdú mọ́ lára, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n kọ imú rẹ̀ síta bí ti ẹni tó máa wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la.

Ìyá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ṣílẹ̀kùn. Ó mọ ọkùnrin náà kíá.

"Ìwọ rèé. Kí lo wá ṣe?"

Ọkùnrin náà la ẹnu. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Onílà ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà.

"Kò sùn, Ìyá. Kò fìgbà kankan sùn. Ẹ̀rọ náà ló ń mì, ó sì tẹ bọ́tìnì lásìkò tó yẹ. Wọ́n parọ́ mọ́ ọn, èmi náà sì wà lára wọn."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ ẹ̀rọ náà wò nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó so ilé iṣẹ́ irin mọ́ ọn. Ó hàn níbẹ̀ pé nǹkan máa ṣe ọ̀pá yẹn. Mo rí díẹ̀ nínú ẹ̀, mi ò tọpa ẹ̀. Mo kọ̀wé pé kò sí nǹkan."

Ìyá náà dúró, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó wo Onílà, ó wo ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ kò sọ ohun tó ń rò. Bọ́ọ̀lù kan bá ògiri, ọmọdé kan ní kí wọ́n má gbá a síbẹ̀ mọ́. Ìyá náà yí padà, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tó ń wọ́ nǹkan nílẹ̀. Ó gbé àga kan jáde, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó gbé e síwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ jókòó, bàbá," ló wí. "Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ni mo gbé wá sílé yín."

Ọkùnrin náà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú. Ìyá náà wá yíjú sí Onílà tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìwọ, dìde. Mi ò ní í fún ẹ lága, mi ò sì fẹ́ kó o kúnlẹ̀ fún mi. Orí ìdúró ni ọmọ mi wà tó fi kú. Dìde dúró, kó o sọ bó o ṣe ṣe é fún mi."

Onílà dìde. Ó wá ibi tó máa kó ọwọ́ sí, kò rí, ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, ní oṣù méje sẹ́yìn.